Tírélà Tó Wọ Pálọ̀ Bídèmí

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé àjò kì í dùn kí onílé má relé? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lé táyà mi lórí yìí, mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín máa sọ pé ẹnu baba ńlá òun lòun ti gbọ́ òwe náà, kí wọ́n tó la títì. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí baba ńlá yín sinmi níbi tó wà. Ìṣojú èmi Bàbá Táyà ni wọ́n ṣe pa á, ní Ìdí-Ayin níbí, níbi tí mo ti ń lẹ táyà láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Eruku bíríkì ṣì wà lára fìlà ẹni tó pa á.

Bídèmí lorúkọ ọkùnrin tọ́rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Gbogbo yín lẹ mọ ọmọ tí wọ́n ń sọ lórúkọ yẹn: ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí bàbá rẹ̀ kò sí nílé. Kùmásí ni bàbá tirẹ̀ wà nígbà tí wọ́n bí i. Ìgbà tí bàbá náà fi máa dé, Bídèmí ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó sì dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ta lẹ wá kí?" Ìtìjú ọjọ́ yẹn kò kúrò lára rẹ̀ títí tó fi dàgbà. Nígbà tó fẹ́ Wúràọlá, kì í ṣe góòlù ló ṣèlérí fún un. Ó ní, "Ọmọ tèmi kò ní jẹ́ Bídèmí láéláé. Lọ́jọ́ ìkómọ, èmi fúnra mi ni mo máa gbé e lọ́wọ́."

Bíríkìlà ni nígbà náà, ògiri rẹ̀ sì máa ń gún. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ́lé nínú ọ̀wọ́n gógó? Ibẹ̀ ló wà tí ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi tírélà kó símẹ́ǹtì fi wá ń wá awakọ̀ tuntun. Akínbámi ni wọ́n ń pe ọ̀gá tí wọ́n rán wá. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó sì lẹ́nu. Ó ní owó oṣù kò ní yẹ̀. Ó ní oṣù mẹ́ta gbáko làwọn máa fi kọ́ wọn ní ọkọ̀ wíwà, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kálukú á relé lọ fi ọjọ́ mẹ́ta sinmi lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Bídèmí kó irinṣẹ́ bíríkìlà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo kìlọ̀ fún un o. Mo ní, "Bídèmí, ìlérí tó bá ti dùn tó báyìí, ẹ̀rù máa ń bà mí."

Ó ní, "Bàbá Táyà, Wúràọlá ti lóyún."

Mo bá padà sídìí táyà mi. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bá ti lóyún, tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ìkìlọ̀ wo lẹ tún fẹ́ kó gbọ́?

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, oṣù mẹ́ta di ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fọ ọkọ̀. Lọ́jọ́ kejì, òjò rọ̀, wọ́n sùn. Lọ́jọ́ kẹta ni wọ́n tó gun tírélà ẹ̀kọ́, tí Tàfá olùkọ́ jókòó tì wọ́n, tó ń jẹ ẹ̀pà. Ó kọ́ wọn ní jíà kìíní títí dé èyí tó gbẹ̀yìn. Bídèmí ní, "Ọ̀gá Tàfá, rìfáásì ńkọ́?"

Tàfá ní, "Rìfáásì ọkọ̀ yìí ti kú látọdún tó kọjá. Ẹ̀yìn lo sì fẹ́ lọ ni? Ọmọ tó máa là, iwájú ló ń lọ."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, wọ́n há ìwé ẹ̀rí fún wọn. Àwọn mẹ́tàlélógún tí wọ́n gbà lọ́dún yẹn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó lè fi tírélà padà sẹ́yìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ń bá wọn pín títì.

Bí wọ́n ṣe wá ń ṣe é ni pé, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù, bàbá arúgbó kan wà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Rìfáásì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gun orí ọkọ̀ wọn, kó fi ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, kó sọ̀kalẹ̀, kó gbowó. Àpò awakọ̀ lowó yẹn ti ń jáde. Bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ ti yọ owó aṣọ, ó ti yọ owó bàtà, ó sì ti yọ owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Mo ní ọ̀fẹ́ náà lówó! Èyí tó bá ṣẹ́ kù, Bídèmí á fi ránṣẹ́ sí Wúràọlá, òun á sì máa mu gààrí kiri.

Ti ìsinmi ilé ló burú jù. Títì tó ń gbà kọjá rèé níwájú yín yìí. Ilé rẹ̀ nìyẹn nísàlẹ̀, tí ọmọdé bá sọ òkò láti ibí, á débẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ti so ẹ̀rọ kan mọ́ ọkọ̀ tó ń ta wọ́n lólobó. Bó bá dúró níbi tí wọn kò yàn fún un, fóònù á dún, owó á sì lọ. Oṣù méje ni Bídèmí fi ń kọjá níwájú ilé ara rẹ̀ bí ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè. Èmi ni mo kà á, ìgbà mọ́kànlélógójì. Á tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mẹta, Wúràọlá á sáré jáde tòun tikùn, á máa juwọ́ títí ọkọ̀ á fi ré kọjá.

Lọ́jọ́ kan, ó di mọ́ínmọ́ín sínú ọ̀rá, ó sáré pàdé ọkọ̀, ó jù ú sókè. Dípò kó wọ ojú fèrèsé, gíláàsì iwájú ló lọ fọ́ lé. Bídèmí sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò lè fi omi fọ̀ ọ́ títí òun fi dé Jẹ́bà. Ó ní àárín mọ́ínmọ́ín ìyàwó òun lòun ń gbà wo ọ̀nà, òun sì ń sunkún.

Ó pe Akínbámi. "Ọ̀gá, ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ sọ ti di oṣù méje."

"Ẹ ní sùúrù. Ẹni tó máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ yín ń bọ̀."

Irọ́ kọ́ ni. Ó ń bọ̀ lóòótọ́, àmọ́ Kàdúná ló wà, òun náà ń dúró de ẹni tó máa gba tiẹ̀.

Wúràọlá bímọ ọkùnrin lọ́jọ́ Ẹtì kan. Ọkọ rẹ̀ wà ní Fúntùà. Bó ṣe gbọ́ ló tún pe Akínbámi, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kóun wà nílé lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ nìkan ṣoṣo. Akínbámi ní, "Ẹ kú oríire o! Olúwa á wò ó. Ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an ni kí símẹ́ǹtì dé Ìlọrin."

Wúràọlá náà pè é lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìkómọ. Ó ní, "Bàbá Ògúndélé ní àwọn á dúró dè yín di aago mẹ́wàá. Wọ́n ti gbé àga yín sílẹ̀ níbi ògiri. Tẹ́ ẹ bá dé, orúkọ tó wù yín lẹ máa sọ ọ́. Tẹ́ ò bá dé..." Kò parí ẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ orúkọ tó kù nílẹ̀. Bàbá Ògúndélé yìí, ẹ̀gbọ́n bàbá Bídèmí ni, òun náà ló sọ Bídèmí fúnra rẹ̀ lórúkọ nígbà yẹn, kò sì fẹ́ràn kí aago kọjá lórí òun.

Aago mẹ́wàá ku díẹ̀ ni tírélà yọ láti apá Ọ̀yọ́, ẹgbẹ̀ta àpò símẹ́ǹtì lẹ́yìn rẹ̀. Bídèmí ti pinnu. Kí wọ́n yọ owó oṣù, kí wọ́n yọ eyín rẹ̀ mọ́ ọn, òun máa dúró. Ṣùgbọ́n níbo? Gbogbo ẹ̀bá títì ni àwọn obìnrin abúlé ti sá láfún sí, funfun báláú, lọ́tùn-ún lósì. Ta ló máa gun láfún odindi abúlé lọ́jọ́ ìkómọ ọmọ rẹ̀? Ó wá rò ó pé kò ṣòro. Òun á ya sínú ọ̀nà ilé, òun á yí ilé po gba ibi tí àwọn ti ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́mọdé, imú ọkọ̀ á tún kọjú sí títì. Kò ní í nílò rìfáásì. Wọ́n bí i sínú ilé yẹn, kò sí igun tí kò mọ̀.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé owó tó ń fi ránṣẹ́ ti di bíríkì. Wúràọlá kò náwó yẹn sórí aṣọ o. Ó fi kọ́ pálọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé, ó sì ń sọ lórí fóònù pé, "Owó yín ti di nǹkan ńlá, ẹ ó rí i tẹ́ ẹ bá dé." Igi máńgòrò bò ó, ẹni tó wà lórí títì kò lè rí i. Inú pálọ̀ yẹn náà ni wọ́n sì ti ń kó ọmọ jáde.

Nígbà tí mo rí i tó ya, mo ju táyà ọwọ́ mi sílẹ̀, mo sáré. "Bídèmí! Má gbabẹ̀! Wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀!" Ó rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí mi. Ó rò pé mò ń kí òun kú oríire ni.

Nínú pálọ̀, Bàbá Ògúndélé wo aago, ó wo àga òfìfo, ó mí kanlẹ̀. Ó ti ìka bọ oyin, ó fi kan ọmọ lẹ́nu. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, bàbá rẹ kò sí nílé nígbà tóo dé. Bídèmí lorúkọ rẹ."

Gbogbo ilé ní, "Bídèmí!"

Họ́ọ̀nù dún lẹ́ẹ̀mẹta.

Jíà kìíní ni ọkọ̀ wà, ó rọra ń bọ̀ ni. Bídèmí yọ lẹ́yìn igi máńgòrò, ó rí ògiri, ó tẹ búrẹ́ẹ̀kì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, ẹgbẹ̀ta àpò símẹ́ǹtì kò sì mọ̀ pé ọjọ́ ìkómọ ni. Ògiri lanu, bíríkì wó lulẹ̀, imú tírélà yọ sínú pálọ̀, ó sì dúró síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Kò sẹ́ni tó fara pa, nítorí ẹ̀gbẹ́ kejì ni gbogbo èèyàn wà. Àga kan ṣoṣo ni bíríkì wó lé, tó rún un wómúwómú. Àga bàbá ọmọ ni.

Bídèmí yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀. "Ẹ má tíì sọ ọ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ orúkọ!"

Ó wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wúràọlá ló gun orí òkìtì bíríkì, tó na ọmọ sí i lókè. Ó ní, "Bídèmí nìyí. Ẹ gbà á." Ọkùnrin náà gba ọmọ, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì ké bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, mo sunkún. Àwọn kan bẹ Bàbá Ògúndélé pé kó pààrọ̀ rẹ̀, pé ìṣẹ́jú kan ló fi pẹ́. Ó ní oyin ti kan ahọ́n ọmọ, ó ti tán.

Bàbá náà wá bọ́ fìlà, ó gbọn eruku bíríkì ara rẹ̀, kò tán, ó wo tírélà, ó wo ihò. "Mo ti rí onílé tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Mo ti rí èyí tó gba fèrèsé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ẹ̀yin ọmọ mi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pa á. Ojú mi ló ṣe.

Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. "Ọkọ̀ yín dúró síbi tá ò yàn. Níbo lẹ wà?"

"Inú pálọ̀, ọ̀gá."

"Pálọ̀ ta ni?"

"Pálọ̀ mi."

Akínbámi pariwo. "Ẹ fi rìfáásì jáde kíá!"

"Ẹ ò kọ́ wa, ọ̀gá."

Akínbámi ní, "Òfin wa ni pé awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ títí a ó fi rán èèyàn wá. Ẹ ò gbọ́dọ̀ kúrò nílé yẹn o!"

Wọ́n wá ẹni tí wọ́n máa rán. Àwọn méjìlélógún yòókù kò mọ rìfáásì. Tàfá ní òun olùkọ́ ni, òun kì í wa ọkọ̀. Wọ́n pe Bàbá Rìfáásì, wọ́n ní ó ti kó ẹrù rẹ̀ relé, ó ní ó ti sú òun. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógójì ni Bídèmí fi wà nílé nípa àṣẹ ilé-iṣẹ́. Ó ń gbé ọmọ, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń pọ̀n ọ́n lójú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n wọn kò san kọ́bọ̀ fún un. Ihò ń bẹ lára ògiri, bíríkìlà jókòó síwájú rẹ̀, ẹgbẹ̀ta àpò símẹ́ǹtì sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹyọ kan, nítorí ẹrù oníbàárà ni. Òjò rọ̀ sí wọn títí wọ́n fi di òkúta. Wọ́n kọ iye òkúta náà sí i lọ́rùn, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá fi ọkọ̀ ńlá wọ́ tírélà jáde, Akínbámi fa Bídèmí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ilé-iṣẹ́ mìíràn ń gba awakọ̀, ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́fà, ìsinmi ilé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bídèmí wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pa á, ẹ má bi wọ́n pé báwo làjò náà ṣe dùn tó. Àjò Bídèmí kò dùn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó ṣì wó ògiri kó tó dúró. Tó bá wá lọ dùn ńkọ́? Ṣé gbogbo ilé Ìdí-Ayin kò ní wó tán báyìí? Àjò kì í dùn kí onílé má relé.