Onílé Tí Ń Gbálẹ̀ fún Ayálégbé

Bí mo bá gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó mi pàápàá, mi ò lè gbàgbé Ọjọ́bọ̀ kan tí mo dúró síwájú ilé tí mo fowó ara mi rà, búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà lọ́wọ́ mi, tí àwọn aládùúgbò yí mi ká, tí wọ́n ní mo fẹ́ gba ilé onílé. Ẹ jẹ́ n rò ó fún yín. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, èmi náà ti ń rín in báyìí.

Èmi àti Ìyá Kúdí, ìyàwó mi, jọ gbé Àbíjàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀jìgbò ti ń ṣe. Èmi ń ránṣọ, òun ń din àlókò, ìyẹn dòdò àwọn ará ibẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ wa tó nǹkan díẹ̀, mo ṣáájú rẹ̀ wálé láti wá ilé. Mo rí ọ̀kan lójú ọ̀nà Masifa: ilé kan tí wọ́n fi ògiri pín sí méjì. Apá iwájú ní fàráńdà tó fẹ̀, apá ẹ̀yìn ò ní nǹkan kan bí kò ṣe kànga. Èrò wa ni pé a ó máa gbé iwájú, a ó fi ẹ̀yìn háyà, ohun tó bá ń tibẹ̀ wọlé la ó fi máa tún ilé ṣe. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni Ìyá Kúdí ṣe fún mi lórí fóònù: "Bàbá Kúdí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ilé wa háyà fún ẹni tí ẹ ò ní lè bá wí o." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní ṣé ọmọdé ni mí ni.

Mo sọ fún ọkùnrin tó ń báni wá ayálégbé pé ẹni jẹ́jẹ́ ni mo fẹ́, àgbàlagbà tí kì í pariwo. Ó sì mú un wá lóòótọ́. Mo ń gbálẹ̀ iwájú ilé lọ́wọ́, mo wọ ṣòkòtò iṣẹ́, ni mo gbójú sókè tí mo rí Alájì Ràṣídì. Alájì yìí ló kọ́ mi níṣẹ́ télọ̀ ní Àbíjàn, níbi tí wọ́n ti ń pe ọ̀gá ní pátírọ̀n. Ọdún márùn-ún ni mo fi sìn ín. Ilé rẹ̀ ni mo sùn, abọ́ rẹ̀ ni mo fi jẹun, òun ló sì dúró bíi bàbá mi lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì èmi àti Ìyá Kúdí. Kí n tó ronú, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Pátírọ̀n mi, ẹ káàbọ̀, sà."

Ní òdìkejì títì, obìnrin kan tó ń ta epo pupa, tí a ń pè ní Ìyá Elépo, rí gbogbo rẹ̀. Ẹ má gbàgbé obìnrin náà.

Ọ̀gá mi jókòó sí fàráńdà kó sinmi díẹ̀ kí a tó lọ wo ẹ̀yìn. Ó mí kanlẹ̀. "Bọ́n," ó ní, bí àwọn ará Àbíjàn ti ń wí pé ó dáa, "atẹ́gùn ibí mà dára fún èmi tí orúnkún ń dùn, ọmọ mi." Ọlọ́run gbọ́, ẹ̀yìn ni mo fẹ́ mú un lọ. Ṣùgbọ́n etí mi ló gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń sọ: "Ibí náà ni tiyín, sà." Bí onílé ṣe di ará ẹ̀yìnkùlé nìyẹn.

Mi ò kọ́kọ́ kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí inú mi dùn láti rí bàbá náà. Àmọ́ ọ̀gá ẹni, ọ̀gá ẹni náà ni. Bílẹ̀ bá ti mọ́, á fi ìka kan ògiri àárín lẹ́ẹ̀mẹta: "Ṣé o ti jí?" Èmi á dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Mo ti jí, sà." Oorun tán nìyẹn. Ta ló máa jẹ́ kí ọ̀gá ẹni gbálẹ̀? Mo gbá iwájú, mo gbá ẹ̀yìn. Ta ló máa jẹ́ kó fa omi? Mo fà á. Tí mo bá sì ń lọ aṣọ tèmi, ṣé n óò yọ tirẹ̀ sílẹ̀ ni? Ayálégbé mi jókòó lórí àga, ó ń kí àwọn tó ń kọjá, èmi ń gbálẹ̀ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Ẹ̀yin náà ti mọ ẹni tí àdúgbò ń pè ní Bàbá Onílé. Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè mi, Ìyá Elépo á ní, "Ayálégbé tó wà lẹ́yìn yẹn? Ó níwà o. Bí ọmọ ló ṣe ń tọ́jú Alájì."

Mo lè là á yé wọn. Ó wù mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé n óò wá dúró láàárín títì, kí n máa kéde pé ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló ń yá ilé gbé lọ́wọ́ mi? Ojú á tì mí, ojú á ti òun náà. Mo dákẹ́. Lórí Wáìsápù, mo ń sọ fún Ìyá Kúdí pé ayálégbé wa kì í yọni lẹ́nu, pé gbogbo àdúgbò ló ń pè mí ní lánlọ́ọ̀dù. Ó béèrè orúkọ ayálégbé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi bàjẹ́.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ àwọn onílé wá pe Bàbá Onílé sípàdé. Alájì, tí kì í purọ́, sọ fún wọn pé, "Ọmọ mi ló nilé." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ilé ọmọ ẹni, ilé ẹni ni. Ó pè mí pé kí n máa bá wọn lọ. Aṣọ ìyàwó kan wà lábẹ́ ẹ̀rọ mi tí wọ́n ń bọ̀ wá gbà, ni mo bá fọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Mo ní, "Sà, ẹ bá mi lọ. Ohun tí ẹ bá sọ níbẹ̀, abẹ́ gé." Nígbà tó máa fi dé, wọ́n ti fi í ṣe igbákejì alága.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí lẹ́rù lọ́jọ́ Ọjọ́rú tí mo gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Kí n tó dé, ẹgbẹ́ ti kọ orúkọ onílé sára ilé gbogbo ní òpópónà wa. Sára tèmi, wọ́n fi ọ̀dà búlúù kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà: ILÉ ALÁJÌ. Bẹ́ẹ̀ Ìyá Kúdí ti wọ bọ́ọ̀sì ní Àbíjàn lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó ń bọ̀ wálé pátápátá, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ní yóò dé. Obìnrin tó fi ọdún mẹ́sàn-án jókòó ti iná àlókò nítorí ilé, kó wá dé, kó bá orúkọ ẹlòmíràn lára rẹ̀. Báwo ni n óò ṣe sọ fún un pé mi ò tà á?

Ní Ọjọ́bọ̀, bí Alájì ti lọ kírun àlàásárì, mo gbé àkàbà, mo po ọ̀dà funfun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́. Orúkọ ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. ALÁJÌ ti lọ tán, ó ku ILÉ, ni mo gbọ́ ohùn Ìyá Elépo lẹ́yìn mi.

"Ẹ gbà wá o, ayálégbé fẹ́ gba ilé mọ́ Alájì lọ́wọ́!"

Ká tó wí ká tó fọ̀, àdúgbò ti pé. Alága ẹgbẹ́ onílé, mẹkáníìkì kan tó sígbọnlẹ̀, di àkàbà mi mú, ó ní kí n rọra sọ̀ kalẹ̀.

"Kí ni Alájì fi ṣe ọ́?"

"Kò fi nǹkan kan ṣe mí, sà."

"Ta ló wá rán ọ?"

Bí mo bá ní èmi ni mo nilé, ta ló máa gbà mí gbọ́?

Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀kadà kan dúró, tí Ìyá Kúdí sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpò mẹ́ta àti agbada àlókò rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ti yá ju bí a ṣe rò lọ. Ọlọ́kadà ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́: "Mo ní mi ò mọ lánlọ́ọ̀dù kankan tó jẹ́ télọ̀ níbí, mà. Ayálégbé Alájì ni mo mọ̀ ní télọ̀, èyí tó máa ń gbálẹ̀. Òun nìyẹn."

Ìyá Kúdí wò mí, ó wo búrọ́ọ̀ṣì, ó wo ògiri. Kò pariwo. Ó jókòó lórí àpò rẹ̀. "Bàbá Kúdí," ó ní, "ilé wo wá ni mo fi ọdún mẹ́sàn-án fa èéfín símú lé lórí?" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ débi pé gbogbo wọn dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ti gún mi léèékánná rí. Kò dùn mí tó ìbéèrè yẹn.

"Ta ni Alájì?" ó bi mí. "Níbo ló wà?"

Ó ti dìde. Mo mọ ìyàwó mi, mo mọ̀ pé gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀ ló fẹ́ dà sórí ẹni yòówù kó jẹ́. Alájì sì yọ láti ọ̀nà mọ́sáláṣí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ìyá Kúdí kọjú sí i. Kí n tó ṣẹ́jú, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti wà nílẹ̀.

"Pátírọ̀n wa! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ṣé ara yín le, sà?"

"Ẹ ò rí i," Ìyá Elépo sọ fún alága. "Ìyàwó ayálégbé náà níwà."

Alájì gbé e dìde. Ó wo ògiri, ó wò mí. "Ọmọ mi," ó ní, "mo ti sọ fún àwọn èèyàn yìí títí, ó sú mi. Wọ́n rò pé mò ń rẹ ara mi sílẹ̀ ni. Ta ló nilé yìí?"

Mo wo ìyàwó mi. "Èmi ni, sà. Èmi àti Ìyá Kúdí."

"Tí ìwọ bá nilé," alága béèrè, "kí lo wá ń dọ̀bálẹ̀ fún ayálégbé fún?"

Alájì ló dá a lóhùn. "Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ èèyàn láṣọ rírán, ṣé òun ló wá ni gbogbo aṣọ tó wà lọ́rùn onítọ̀hún?" Ó yíjú sí mi. "Ìwọ náà, ó pẹ́ tí mo ti ń retí kí o sọ̀rọ̀. Mo rò pé ojú ń tì ọ́ pé irú èmi yìí di ayálégbé rẹ ni."

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, sà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, torí pé díẹ̀ nínú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Ó ní òun máa kó lọ sẹ́yìn kí onílé lè bọ́ síwájú. Ìyá Kúdí ni kò gbà. "Pẹ̀lú orúnkún yín? Ẹ jókòó síbi atẹ́gùn yín, sà." Alága ní ká mú orúkọ tuntun wá, kí wọ́n wá kọ ọ́. Ìyá Kúdí wo ògiri tó ku ILÉ nìkan, ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti tó. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí dòní, Ìyá Elépo náà sì ti ń kí mi ní Onílé Kékeré.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹnu ẹni la fi ń kọ "mi ò jẹ". Ìtẹríba ò ní kéèyàn yadi. Ká ní mo ti wí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí àyà mi ṣe wà nílẹ̀ yẹn, pé, "Pátírọ̀n, ẹ káàbọ̀, ilé mi rèé," inú bàbá náà ì bá dùn, ọ̀wọ̀ rẹ̀ ò sì ní dín.

Láàárọ̀ yìí, ìka tún kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹta. "Ṣé ẹ ti jí?" Kí n tó yíra padà, obìnrin tó kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi ilé háyà fún ẹni tí mi ò ní lè bá wí ti dáhùn: "A ti jí, sà." Ó wá na ìgbálẹ̀ sí mi. "Lánlọ́ọ̀dù," ó ní, "wọ́n ti jí o." Mo gbà á, mo ń rẹ́rìn-ín jáde lọ gbá iwájú ilé mi.