Ọ̀pá Tó Wà Láàárín

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni télọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta ohun ìpẹja, téèpù ìwọ̀n ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Ó ti sọ fún bàbá ẹ̀ pé àwọn méjèèjì ń lọ sí adágún odò lọ́la. Láti oṣù mẹ́jọ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti kú, bàbá ò dé etí omi mọ́, ọ̀rọ̀ wọn nínú ilé ò sì ju "o ti jí" àti "ó dàárọ̀" lọ. Télọ̀ ò mọ ẹja pa. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù wà lẹ́yìn káńtà, ó ń fi etí ẹ̀wù nu ìwọ̀. Purofẹ́sọ̀ làwọn oníbàárà ń pè é. Òun fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ pe ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n."

"Káàsán, àbúrò. Má fọwọ́ kan nǹkan kan. Kí lo fẹ́?"

"Ọ̀pá tí wọ́n fi ń pa ẹja báàsì. Pẹ̀lú rílì ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ká okùn yẹn."

"Mo mọ ohun tí rílì ń ṣe."

"Ara mi ni mò ń rán létí. Àná ni mo gbọ́ orúkọ ẹ̀."

Purofẹ́sọ̀ gbé ìwọ̀ sílẹ̀. Oníbàárà tí kò mọ nǹkan kan máa ń dùn mọ́ ọn nínú. Ó nawọ́ sí ara ògiri, níbi tí àwọn ọ̀pá wà ní ìlà mẹ́ta.

"Wò ó dáadáa. Ti ìsàlẹ̀ yìí, àwọn ọmọdé là ń tà á fún. Ti òkè yìí, àwọn tó ń pa ẹja gba ife ẹ̀yẹ ló ń rà á. Ti àárín..."

"Ti àárín ni."

"Mi ò tíì sọ ohun tó ń ṣe."

"Ẹ sọ ọ́, mò ń gbọ́. Ti àárín náà ni màá mú."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ti àárín?"

Télọ̀ wo bàtà ẹ̀. "Torí pé àárín ló wà."

"Ìdáhùn rèé." Purofẹ́sọ̀ mi orí. "Ó dáa. Báàsì tó o fẹ́ pa yìí, báwo ló ṣe tóbi tó?"

"A ò tíì ríra, ẹ̀gbọ́n."

"Mò ń bi ọ́ kí n lè mọ bí ọ̀pá ẹ ṣe máa le tó."

"Èyí tó bá yọjú la máa gbà. A ò ní lé e padà."

"Ṣé o ti pa ẹja rí?"

"Mo ti jẹ ẹ́ rí."

Purofẹ́sọ̀ mí kanlẹ̀. Ó yọ ọ̀pá kan láti ìlà àárín, dúdú, tí ibi ìdìmú ẹ̀ jẹ́ kọ́ọ̀kì, irú èyí tí wọ́n fi ń dé ìgò. "Eléyìí ò le jù, kò rọ̀ jù. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ààbọ̀."

Télọ̀ ti bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn. Ó wọn ọ̀pá náà láti ìdí dé ṣóńṣó, ó fi ìka sàmì síbi tí téèpù parí sí, ó sì wọn ìyókù.

"Ínǹṣì méjìdínlọ́gọ́rin. Òótọ́ lẹ sọ."

"O rò pé irọ́ ni mò ń pa?"

"Rárá o. Bí iṣẹ́ mi ṣe rí ni. Ẹni tó bá ní ṣòkòtò òun jẹ́ ogójì, mo ṣì máa wọ̀n ọ́n."

"Ọ̀pá kì í sanra, àbúrò."

"Ìyẹn ló jẹ́ kó dùn ún wọ̀n."

"Gbà, dì í mú. Gbọ̀n ọ́n, kó o lè mọ bó ṣe ń dáni lóhùn."

Télọ̀ gbọ̀n ọ́n. Ṣóńṣó ọ̀pá gbá fìlà kúrò lórí Purofẹ́sọ̀, fìlà bọ́ sínú abọ́ ìwọ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

"Kò burú. Ṣé o rí i bó ṣe tètè dáhùn?"

"Ó dáhùn kí n tó pè é."

Purofẹ́sọ̀ fara balẹ̀ yọ ìwọ̀ méjì kúrò lára fìlà ẹ̀, ó dé e padà. Ó ṣí àpótí inú gíláàsì.

"Ó ku rílì. Tìẹ, ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ ni."

"Háà. Ẹ ṣe é ní ẹgbẹ̀rún méjì."

"Ẹgbẹ̀rún méjì kéré jù."

"Lójú yín ni. Lójú tèmi ó tó."

"Mo ní ó kéré fún báàsì."

"Ṣé báàsì ló máa sanwó ni?"

"Kì í ṣe owó là ń sọ. Nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ ni. Ó ń sọ bí rílì ṣe tóbi tó. Bí nọ́ńbà bàtà."

"Ẹ ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀. Kí ló wá dé tẹ́ ò fún mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, kó lè tún tóbi sí i?"

"Torí o ní ti àárín lo fẹ́."

Télọ̀ rò ó wò. "Ẹ ti mú mi, ẹ̀gbọ́n."

Inú Purofẹ́sọ̀ dùn. Ó so rílì mọ́ ọ̀pá, ó ti okùn bọ inú àwọn òrùka tó wà lára ọ̀pá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wé orí okùn mọ́ ọwọ́ ara ẹ̀, ó wá ń fẹ̀yìn rìn lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n to bàtà rọ́bà sí.

"Kò sẹ́ni tó ń kúrò níbí láì gba ìdánwò. Èmi ni báàsì. Mo wà lábẹ́ igi tó wó sómi. Mo ti gbé ìwọ̀ mì. Fà mí."

Télọ̀ ò fà á.

"Mo ní fà mí."

"Ẹ̀gbọ́n, àgbà ni yín."

"Ẹja ni mí báyìí."

"Ẹja tó dàgbà ni yín. Ẹ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo dúró dè yín."

"Báàsì wo ló ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀? Wò ó, mò ń sá lọ."

Ó sá lóòótọ́. Rílì dún kírírírí. Télọ̀ ń tẹ̀lé e, ọ̀pá lọ́wọ́, tìtìjú-tìtìjú, bí ẹni tó ń sin àlejò dé ẹnu ọ̀nà.

"Má tẹ̀lé mi. Inú omi ni mo wà."

"Ẹ má jìnnà jù nígbà náà."

"Ká okùn."

"Ẹ kọ́kọ́ dúró."

Ó sú Purofẹ́sọ̀, ó dúró. Bó ṣe dúró ni okùn dẹ̀. Bí okùn ṣe dẹ̀ ló fò kúrò lára rílì ní òrùka-òrùka, ó lọ́ mọ́ ara ẹ̀, ó sì ṣù sílẹ̀ bí irun tí wọn ò yà fún ọ̀sẹ̀ kan.

"Ọwọ́ ẹ nìyẹn," Purofẹ́sọ̀ sọ láti àárín bàtà rọ́bà. "Gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló máa ń ṣe é. Wọ́n á gbé e padà wá, wọ́n á ní okùn ń lọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé ọwọ́ wọn ni."

Télọ̀ ti lóṣòó ti okùn náà. Ó fi ìka méjì yí i. Láti ìgbà tó ti wọlé, ohun kan ṣoṣo nìyí tó mọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Òwú ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ká okùn yìí sórí rílì?"

"Èmi ni. Èmi ni mò ń ká gbogbo wọn, fún ọdún mọ́kànlá."

"Ẹ jẹ́ n rí bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é."

Purofẹ́sọ̀ gbé róòlù okùn ńlá kan wá, ó gbé e kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Kò tíì yí i dé ìgbà mẹ́wàá tí télọ̀ fi dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ dúró. Bẹ́ ẹ ṣe gbé e kalẹ̀ yìí, okùn ń yí jáde sọ́wọ́ ọ̀tún. Rílì ń yí i wọlé sọ́wọ́ òsì. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá ká, ẹ ti lọ́ ọ nìyẹn. Bọ́bìnì tá à ń ká òwú sí nínú ẹ̀rọ ìránṣọ náà rí bẹ́ẹ̀. Tó bá wọlé sódì, òwú á máa ta kókó, wọ́n á ní télọ̀ ò mọṣẹ́."

"Kí ni kí n wá ṣe sí i?"

"Ẹ dojú róòlù dé."

"Kí n tún ṣe kí ni?"

"Ó ti tán."

Purofẹ́sọ̀ jókòó sórí páálí bàtà.

"Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe búrẹ́dì ládùúgbò yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló gbé rílì tiẹ̀ padà wá. Mo ní kó lọ máa fi ọwọ́ gbé irin, kí ọwọ́ ẹ̀ lè balẹ̀."

"Ṣé ó gbé e?"

"Ó gbé e. O ò rí apá ẹ̀ báyìí. Ó gba ife ẹ̀yẹ níbi ìdíje irin gbígbé."

"Ẹ ṣoore fún un, ẹ̀gbọ́n."

"Sáyẹ́ǹsì ni mo fi ṣe é."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ká. Purofẹ́sọ̀ ń yí rílì, télọ̀ fi ìka méjì àti àkísà di okùn mú kó lè wọlé gbọọrọ. Okùn ń wọlé láìjanpata. Nígbà tó ṣe, Purofẹ́sọ̀ ò gbé ojú sókè tó fi béèrè.

"Kí ló dé gan-an tó fi jẹ́ ti àárín?"

"Bàbá mi ni mo fẹ́ bá lọ. Tí mo bá gbé ti ìsàlẹ̀ dání, wọ́n á rò pé eré ni mo bá wá. Tí mo bá gbé ti òkè, wọ́n á rò pé mo fẹ́ gba àyè ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń bá wọn lọ."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́?"

"Ó ti kú."

Rílì dúró.

"Pẹ̀lẹ́, àbúrò."

"Ẹ ṣeun."

"Kò wá ní ọ̀pá tiẹ̀ ni?"

"Ó wà lára ògiri yàrá bàbá mi. A kì í fọwọ́ kàn án."

Purofẹ́sọ̀ yí rílì díẹ̀ sí i. Ó tún wo àwọn ọ̀pá ara ògiri, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tí kò rí wọn rí.

"Bí mo ṣe wò ó yìí, ti àárín ló yẹ ọ́."

"Ohun tí mo ti ń sọ látìgbà tí mo dé nìyẹn."

"Nígbà yẹn, ẹnu ẹ lásán ni. Báyìí, ìmọ̀ràn mi ni."

Ó gé okùn. Ó fa àga kan jáde, ó sì tẹ ọwọ́ mọ́ ọn kí télọ̀ lè jókòó.

"Ó yá. Màá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ta ìwọ̀ mọ́ okùn. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n ṣe ń jù ú. Lẹ́yìn náà, ibi tí báàsì máa ń ba sí tí oòrùn bá mú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wàá ti mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀gbọ́n, ó tó báyìí."

"Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ má bẹ̀rẹ̀."

"O fẹ́ dé etí omi lọ́la láì mọ ẹyọ nǹkan kan?"

"Tí mo bá ti mọ̀ ọ́n tán, kí ni bàbá mi máa rí bá mi sọ?"

Purofẹ́sọ̀ la ẹnu. Ó pa á dé. Ó ṣòro fún un, torí ọ̀nà mẹ́rin ló mọ̀ láti ta ìwọ̀, gbogbo ẹ̀ sì ti dé ẹnu ẹ̀. Ó tú rílì, ó fi sínú páálí, ó fi bébà wé ọ̀pá. Télọ̀ sanwó, ó gbé ẹrù ẹ̀. Ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn kí Purofẹ́sọ̀ tó lè sọ̀rọ̀.

"Àbúrò. Tí bàbá ẹ bá wá bi ọ́ pé irú èèyàn wo ló ta ọ̀pá fún ọ tí kò kọ́ ọ ní nǹkan kan ńkọ́?"

"Màá ní ọkùnrin kan ni, kò mọ nǹkan kan nípa ẹja."

"Mo bẹ̀ ọ́. Sọ pé mo mọ díẹ̀."

"Kò ṣeé ṣe, ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá ní ẹ mọ díẹ̀, wọ́n á ní ó dáa, wọ́n á dákẹ́. Tí mo bá ní ẹ ò mọ nǹkan kan, wọ́n á sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú."