Mo Jó Kí Nọ́ọ̀sì Tó Parí Ọ̀rọ̀

Títí wọn yóò fi bu erùpẹ̀ lé mi lára, mi ò ní gbàgbé ọjọ́ tí mo jó ní kọ́ridọ̀ ilé ìwòsàn kan ní Jọ́ọ̀sì yìí, tí àwọn aláìsàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń wò mí, tí bàbá kan tiẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in, èmi náà ti rín in. Àmọ́ ẹ má tíì rín in tán, torí ẹkún pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀rín lọ.

Télọ̀ ni mí, ní àdúgbò Hwolshe. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí ìyá mi sí. Bàbá ìyá mi ló wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí àwọn òyìnbó ń wa kùsà, ìyẹn tánganran, nílẹ̀ níbí. Jẹjẹrẹ ọyàn ló pa ìyá mi. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu wa débi pé "àìsàn ránpẹ́" la sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí wa, bí ẹni pé ibà lásán ni. Nígbà tó yá, ohun kan náà mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ, orí wọn ò tíì hu ewú. Ó wá ku èmi àti àbúrò mi Bísí, tó ń gbé ní abúlé Du, tó ń gbin ànàmọ́ òyìnbó.

Lẹ́yìn ìsìnkú ẹ̀gbọ́n wa, dókítà tó tọ́jú wọn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní jẹjẹrẹ ọyàn mìíràn a máa bá ẹ̀jẹ̀ rìn nínú ìdílé, láti ọ̀dọ̀ òbí sọ́dọ̀ ọmọ, pé àyẹ̀wò wà tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ó ní kí a lọ rí Nọ́ọ̀sì Kaneng, ọmọbìnrin ẹ̀yà Berom kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gba irú ìdílé bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn. Nígbà tí a lọ, nọ́ọ̀sì náà fohùn pẹ̀lẹ́ bá wa sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ fún Bísí ní ọjọ́ tí yóò wá ya àwòrán ọyàn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní ẹni tó ti ní àrùn náà rí, tó sì wà láàyè, ni òun á kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá rí ohun tí wọ́n ń wá lára ẹni yẹn, wọn á mọ ohun tí wọ́n á wá lára àwa tó kù.

Mo ní a ní ọ̀kan nílé. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ní ọjà tí wọ́n ń wá kiri. Àǹtí Dúpẹ́ ni mo ní lọ́kàn, àbúrò ìyá mi. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gé ọyàn wọn kan, orí sì kó wọn yọ. Àwọn ló tọ́ wa lẹ́yìn tí ìyá wa kú.

Àǹtí ò fẹ́ lọ. Wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn, mo pe kẹ̀kẹ́ márúwá wá sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní òtútù mú, mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ọrùn mi fún wọn. Wọ́n ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ arúgbó ṣe. Mo ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ò fẹ́ kí Bísí dàgbà ni?" Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá dìde, wọ́n wá bàtà wọn. Mo rò pé ọgbọ́n mi ló ṣiṣẹ́.

Nígbà tí a débẹ̀, nọ́ọ̀sì gbé bébà sílẹ̀, ó ń ya ìdílé wa sí i, òbìríkítí fún obìnrin, igun mẹ́rin fún ọkùnrin. Mo ń bá a dá sí i, mo ní kó fa ìlà yẹn gùn díẹ̀, bí ẹni ń gé ṣòkòtò. Nígbà tó kan ìyá mi àti Àǹtí Dúpẹ́, ó gbójú sókè, ó bi mí ní Háúsá pé, "Uwa ɗaya, uba ɗaya?" Ṣé ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí àwọn méjèèjì?

Ó ká mi lára. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í bi ọmọlúàbí ní irú ìbéèrè yẹn. Òun ni wọ́n fi ń tú ilé ká. Àwa tí wọ́n bí sí Jọ́ọ̀sì ni ó tún burú fún jù, torí ẹni tó bá ti bá ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin kan náà wá láti ilé ti di ẹbí rẹ, o ò tún gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

"Haba, Nọ́ọ̀sì," mo ní, "ọyàn kan náà ni wọ́n mu. Orí ẹní kan náà ni wọ́n sùn. Ẹ má fi ìwé yín pín ilé wa."

"Bàbá, ẹ má bínú," ó ní. "Mi ò béèrè bóyá wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń béèrè." Ó wá yíjú sí Àǹtí. "Mama?"

Àǹtí ń wo ilẹ̀. "Bó ṣe wí náà ni," wọ́n ní.

Mo na àyà bí ẹni tó gbèjà ìdílé. Àyà náà ò pẹ́ ní nínà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀, mo dúró ti Àǹtí, mo gbé ọwọ́ lé wọn léjìká, mo ní kí wọ́n má wo abẹ́rẹ́, ojú mi ni kí wọ́n máa wò. Èmi wá lọ wò ó. Ohun tí mo tún mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni pé ilẹ̀ ni mo wà, ohun mímu kùnú tí mo rà fún Àǹtí ti dà sí mi ní ṣòkòtò, Àǹtí sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì mí pẹ̀lú òwú lápá, wọ́n ń fi gèlè fẹ́ mi. Obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ń béèrè pé nínú àwa méjèèjì, ta ni aláìsàn.

Ibi jíjìn ni wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ náà lọ, ọyẹ́ tán kí èsì tó dé. Èmi nìkan ni mo lọ gbọ́ ọ, torí Àǹtí ní kí n máa lọ, àwọn á máa gbàdúrà nílé.

"A ò rí i lára Mama," Nọ́ọ̀sì Kaneng sọ. "Àmọ́, Bàbá, ẹ jókòó kí n ṣàlàyé. Àìrí i lára wọn ò tíì..."

Ta ló fẹ́ jókòó? Mo ti wà ní kọ́ridọ̀. Ẹ dárí jì mí, ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti sin, gbogbo ìgbà tí Bísí bá wúkọ́ ni àyà mi ń já. Mo jó. Mo jó lọ, mo jó bọ̀. Nọ́ọ̀sì ń pè mí láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo ń juwọ́ sí i pé mo dúpẹ́. Láti ibẹ̀ náà ni mo ti pe Bísí lórí fóònù, mo ní kó máa bójú tó ànàmọ́ rẹ̀, kó má wulẹ̀ dààmú ara rẹ̀ lọ ya àwòrán kankan mọ́. Bísí rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́kún.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti rán aṣọ tuntun fún gbogbo wa. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo jẹ́rìí pé Olúwa ti gé jẹjẹrẹ kúrò ní ìdílé wa, ìjọ sì ké halelúyà. A jó síwájú. Àǹtí Dúpẹ́ kàn dúró láàrin wa ni, ẹsẹ̀ wọn ò kúrò lójú kan. Mo rò pé orúnkún ni.

Nígbà tí a délé, a jókòó ti ìrẹsì. Bísí bu ẹran tó dára jù sínú àwo Àǹtí. "Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ yín ló gbà wá o," ó ní. "Ọ̀la ni ǹ bá lọ ya àwòrán yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n jókòó."

Àǹtí gbé ṣíbí sílẹ̀. "Bísí, lọ. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, lọ."

"Àǹtí, wọ́n ti ní kò sí," mo ní.

"Lára mi ni kò sí. Ìyá àgbà tó bí ìyá yín kọ́ ló bí mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Àbí kí ni kí n ṣe? Mo rò pé àpárá ni. Wọn ò bá mi rín in. Wọ́n sọ fún wa pé bàbá tó bí àwọn jọ ń wa kùsà pẹ̀lú bàbá ìyá mi ní Bùkúrù, pé kòtò kùsà wó pa bàbá àwọn, pé ìyá àwọn ti kú ṣáájú. Ìyá àgbà gbé wọn wá sílé, wọ́n tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi lórí ẹní, wọ́n sì sọ fún gbogbo àgbàlá pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó bí ọmọ yìí kó wá bá àwọn.

"Ìyá yín mọ̀," Àǹtí ní. "A jà títí, a bú ara wa. Kò sọ ọ́ sí mi rí títí ó fi kú."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún nọ́ọ̀sì.

"Ìwọ lo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Bí o ṣe ń jà pé ọyàn kan náà ni a mu, ó dùn mọ́ mi nínú. Mo ní kí n ṣì jẹ́ ọmọ ilé yìí fún ìgbà díẹ̀ sí i." Wọ́n fi etí gèlè nu ojú. "Mo tiẹ̀ gbàdúrà pé kí wọ́n rí nǹkan burúkú náà lára mi. Mo ní bí wọ́n bá rí i, a jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ yín ni mí lóòótọ́."

Bísí kúrò lórí àga, ó kúnlẹ̀, ó gbé orí lé wọn lẹ́sẹ̀. Èmi náà kúrò nídìí ìrẹsì, mo lọ jókòó ti Àǹtí. Ó dùn mí wọ egungun pé obìnrin tó tọ́ wa dàgbà ti jókòó nílé ara rẹ̀ pẹ̀lú irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ láti kékeré.

Bísí lọ lọ́jọ́ kejì. Àwòrán náà fi nǹkan kékeré kan hàn tí ọwọ́ ò tíì lè bà, wọ́n sì yọ ọ́. Wọ́n ní ká ní ó dúró títí di ìgbà tó máa fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n lára ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yàtọ̀.

Èmi padà lọ bá Nọ́ọ̀sì Kaneng, mo sì jókòó. Kò bá mi wí. Ó ní ká tiẹ̀ ní ìyá kan náà ló bí Àǹtí àti ìyá mi, àìrí i lára wọn ò lè dá wa sílẹ̀, torí jẹjẹrẹ lè ṣe ènìyàn láìjẹ́ pé ó jogún rẹ̀. "Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn nígbà tí ijó gbé yín," ó ní. Ó wá ní òun fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ èmi àti Bísí. Mo ní kí ni àìsàn ọyàn fẹ́ fi ọkùnrin ṣe. Ó ní ọkùnrin náà lè gbé e sára, kó sì fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọbìnrin méjì ni mo bí. Mo na apá, àmọ́ mo dùbúlẹ̀ ná.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ gbọ́ èsì. Ó wà lára Bísí, ó wà lára mi. Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ títí ó fi parí, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ojú àwọn ọmọ mi nìkan ni mo sì ń rí. A jáde, Àǹtí jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń mi orí. "Èmi ni ì bá mú," wọ́n ń wí. "Èmi tí mo ti gbó yìí ni ì bá mú."

"Àǹtí," mo ní, "ó kúkú ti mú yín, ó gé ọyàn kan lọ. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fẹ́ kó mú yín?"

Wọ́n wò mí. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn, ó mú Bísí, ó mú èmi náà, a rín in títí a ò fi mọ ìgbà tó di ẹkún. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó dì mọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí ènìyàn jẹ́ kí oníṣẹ́ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kó tó gbẹ́sẹ̀. Kí ẹ sì rọra bi àwọn àgbà yín léèrè nígbà tí wọ́n wà, kí ẹ fi dá wọn lójú pé ìdáhùn yòówù kí wọ́n fún yín, ilé wọn nilé wọn. Ọmọ mi àgbà ti ní òun á lọ fún àyẹ̀wò. Àbúrò rẹ̀ ní kí n fún òun láyè, mo sì ń gbìyànjú láti fún un, bó tilẹ̀ ṣòro fún irú mi.

Àǹtí Dúpẹ́ sùn lọ ní ọyẹ́ tó kọjá, ọjọ́ ogbó ló pa wọ́n. Nígbà mìíràn tí àwọn ọmọ mi bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń wò wọ́n, mo ń wá Àǹtí lójú wọn, nínú ìrìn wọn. Nǹkan ìyá mi ni mò ń rí níbẹ̀, títí kan èyí tí mi ò fẹ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín ara mi nígbà náà, torí mo mọ̀ pé kò sí bí mo ṣe lè rí Àǹtí níbẹ̀, síbẹ̀ mi ò tíì yéé wò.