Òórùn Ìtànná Ọsàn Lára Ṣòkòtò Mi

Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po lọ́fínńdà l'Ékòó, ló kọ́kọ́ sọ fún mi nípa asetofẹnóònù, èròjà olóòórùn kan tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Bí mo tilẹ̀ darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò ní gbàgbé ọjọ́ tí mo lò ó l'Ókè-Ìlá.

Igi ọsàn kan wà lẹ́yìnkùlé wa nígbà kan, bàbá wa ló gbìn ín. Bàbá kú, ìjì sì wó igi náà. Láti ìgbà náà ni ìyá wa, tó ń se ọṣẹ tà, ti ń sọ pé òun fẹ́ kí ọṣẹ kan péré ní òórùn ìtànná ọsàn yẹn, kí òun máa fi wẹ̀. Ni Àbẹ̀kẹ́ bá fi ìgò asetofẹnóònù kékeré kan ránṣẹ́, ó sì pè mí:

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí ìtànná ọsàn ló ṣe ń ta sánsán. Ẹ̀kán díẹ̀ ti tó. Bí òtútù bá mú un, á dì. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sínú ike."

Mo ní mo ti gbọ́. Èmi ẹ̀gbọ́n, kí ni àbúrò fẹ́ kọ́ mi?

Lọ́jọ́ kejì, ọyẹ́ mú gan-an. Mo wo ìgò, ó ti dì gbagidi. Mo pe Àbẹ̀kẹ́: "Wọ́n ti lù ẹ́ ní jìbìtì!" Màmá rọra gba ìgò náà, wọ́n tì í bọ àyà, wọ́n ń rẹ̀ ẹ́ bí ọmọ jòjòló. Kò pẹ́, ó yọ́.

Ojú tì mí. Kí n lè jọ ẹni tó mọ nǹkan, mo da gbogbo rẹ̀ sínú ife fóòmù tí mo fi mu tíì, mo gbàgbé pé ike ni. Àfi bí ìdí ife ṣe yọ́ bíi ṣúgà, tó dà lé mi lórí ṣòkòtò!

"Ọkọ ìyàwó, ẹ kú oríire o!" Aládùúgbò kan tó ń kọjá, tí òórùn náà ta sí nímú, ló sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Ìgò kan ṣoṣo la ní.

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbóòórùn orúnkún mi.

"Igi bàbá ẹ rèé. Bọ́ ṣòkòtò náà."

"Kí n lọ fọ̀ ọ́, mà?"

"Ta ló ní kóo fọ̀ ọ́?"

Wọ́n fi wé ọṣẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè, wọ́n sì dé abọ́ lé e lórí. Ìró Màmá ni mo ró lórí ọ̀kadà nígbà tí mò ń padà sílé mi ní Ìlá, tí gbogbo ayé ń wò mí. Láti ọjọ́ náà, bí Àbẹ̀kẹ́ bá ti ń sọ̀rọ̀, ìwé ni mo ń kọ ọ́ sí.

Ọṣẹ náà gba òórùn yẹn. Ṣòkòtò mi ṣì wà nínú àpótí Màmá, láìfọ̀. Ìwọ tó ń gbọ́ mi yìí, aṣọ ta ni o fi pamọ́ tó ò jẹ́ kí omi kàn?