Pijó Ọlálérè àti Agolo Èènì

Ọlálérè, akọ̀wé ìjọba l'Adó, kì í kọjá níwájú dígí kó má kí ara rẹ̀. Bó bá ní òun mọ nǹkan ṣe, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ wá ibi jókòó sí, kí ẹ máa wòran. Ogún ọdún ni Pijó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ti wà lẹ́yìn ilé, tí adìyẹ ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn, tí ewúrẹ́ ń sùn lórí rẹ̀. Ọlálérè ń pe ìyẹn ní ọkọ̀.

Ìyá Àyọ̀kẹ́ ló dá ọ̀ràn sílẹ̀. Àyọ̀kẹ́ ni Ọlálérè fẹ́ fi ṣaya. Ìyá rẹ̀ sì nìyí, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín láìkọ́kọ́ wo aago. Màmá ní òun àti Àyọ̀kẹ́ fẹ́ lọ kí àbúrò òun n'Íbàdàn. Kò tíì pa ẹnu dé tí Ọlálérè fi ní òun á gbé wọn lọ nínú Pijó, wẹ́rẹ́ báyìí. Màmá ní ó dáa. Bó bá gbé àwọn débẹ̀ láyọ̀, kó wá sọ ohun tó ń wá kiri lójúlé àwọn. Àbí ẹ ò rí nǹkan: ìyàwó ló so mọ́ ìdí ọkọ̀ yìí!

Ọlálérè pe Àkíbù mẹkáníìkì. Àkíbù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo òkú, ó sì dé e padà jẹ́jẹ́. Ó ní iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Ọlálérè fi í rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò kọ́ òun ní ọkọ̀ bàbá òun? Ẹni tí yóò gun Pijó àtijọ́ kì í wo ẹnu mẹkáníìkì. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó tú ọkọ̀ palẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì tò ó padà láàárín Sátidé kan ṣoṣo.

Bóòtù tó ṣẹ́kù kún agolo mílíìkì kan. Àkíbù ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó yọjú.

"Ọ̀gá, ibo lẹ ti yọ àwọn wọ̀nyí?"

"Èènì ni."

"Èènì kẹ̀?"

"Bí o bá ra gààrí, ṣé wọn kì í bù lé e ni? Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ láyé ọjọ́un lójú àánú. Wọ́n fi lé e ni."

Àkíbù ní òun á fi gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀ náà sí àdúà.

Lọ́jọ́ ìrìn àjò, Ọlálérè fi dígí dúdú bojú, ó yí oríta Fájuyì po lẹ́ẹ̀mẹta kí ayé lè rí i. Ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti yí ni ilẹ̀kùn Àyọ̀kẹ́ ń ṣí fúnra rẹ̀. Ọlálérè ní atẹ́gùn ni ọkọ̀ ń fún un. N'Íyìn, sàlẹ́ńsà bọ́, ọkọ̀ ń dún bí ìbọn, àwọn àgbà tó ń ta ayò sá wọlé. Ọlálérè ní ẹni ńlá kì í yọ́ wọ̀lú. Nígbà tó yá, ìjókòó Màmá já wọlẹ̀, gèlè nìkan ló kù tí à ń rí nínú dígí ọkọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń wọ Ìgèdè, táyà kan yí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọlálérè bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni òmùgọ̀ tó ni ín gbé tirẹ̀ lọ. Ẹ̀rín ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí Pijó fi imú họlẹ̀, tó wọ́ gbọ̀ọ̀rọ̀gbọ̀ lọ sínú oko ẹ̀gẹ́.

Ó bẹ́ sílẹ̀. Kò wo Màmá, kò wo Àyọ̀kẹ́. Ó kúnlẹ̀ ti ọkọ̀, ó ń fi fìlà fẹ́ ẹ, ó ń fi áńkáṣífì nu ẹrẹ̀ lójú rẹ̀. "Pẹ̀lẹ́, olólùfẹ́ mi. Ṣé ó dùn ọ́ púpọ̀?"

Ojú fèrèsé ni Àyọ̀kẹ́ ti fa ìyá rẹ̀ jáde. Màmá gbọn ara, ó dúró lẹ́yìn Ọlálérè, ó wò ó bí ẹni tó ká ọmọ ilé-ìwé mọ́ ibi tó ti ń jí ìwé wò nínú ìdánwò. Lẹ́yìn náà ló dá ọkọ̀ oníṣu tó ń lọ Iléṣà dúró. Wọ́n ti jókòó tán síwájú kí Ọlálérè tó sáré dé, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń béèrè pé ọ̀rọ̀ òun àti Àyọ̀kẹ́ ńkọ́.

Bínú bá bí Màmá, Yorùbá ilé-ìwé a máa sá kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"A kì í fọmọ fún ọkùnrin tó ti láya ní ulé."

Ọlálérè búra pé òun ò láya rí.

Màmá na ẹnu sí Pijó tó dojú bolẹ̀. "Ìyẹn ńkọ́? Padà lọ máa fẹ́ ẹ, ooru ń mú un. Ọmọ tèmi ò ní lọ ṣorogún irin."