Àtúnṣe Ìkéde Àná: Èso Ọ̀rọ́ Ni, Kì í Ṣe Èso Ọ̀rọ̀

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Òkè-Ìràwọ̀, ẹ tún tẹ́ etí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Òní ni Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Ẹrẹ́nà. Oòrùn mú, afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Kábíyèsí rán akéde Òjélàdé padà sí yín, nítorí pé lánàá, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ níbi tó yẹ kó ti gòkè. Èso ọ̀rọ́ ni Kábíyèsí ní kí ẹ máa jẹ, èyí tó ń so lórí igi ẹlẹ́gùn-ún tí a fi ń ṣe ọgbà. Òjélàdé pè é ní ọ̀rọ̀. Ni ìlú bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ.

Ọ̀pátọ́lá bíríkìlà kó èébú ọjọ́ pípẹ́ jẹ níwájú Jọláadé aránṣọ, aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jà sí ọgbà ọ̀rọ́ tó wà láàárín ilé wọn. Jọláadé náà kó tirẹ̀ jẹ. Ó ní òun kò ní pè é ní olórí ìkòkò mọ́, bí orí náà tilẹ̀ wà bẹ́ẹ̀.

Kábíyèsí ní bí Òjélàdé bá tún ṣì í pè lónìí, agogo di ti Ládépò, tó ti ń wá iṣẹ́ náà tipẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó rọra sọ ọ́.

Àṣẹ kìn-ín-ní. Ọ̀rọ́. Ìparí rẹ̀ lọ sókè. Ọ̀rọ́.

Àṣẹ kejì. Nọ́ọ̀sì Fọlábòmí ní fítámì C wà nínú èso náà, àti èròjà tó ń jẹ́ kí oúnjẹ rìn dáadáa nínú ikùn. Ó ní ohun tó mú un pọ́n náà ń bá àwọn ohun tó ń ba ara jẹ́ díẹ̀díẹ̀ jà. Kò sọ pé ó ń wo àrùn kankan. Òjélàdé tún padà lọ bi í. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

Àṣẹ kẹta. Ẹ fi ẹ̀mú mú un nítorí ẹ̀gún ara rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ bó o. Ẹni tó bá fi eyín bó o yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin lọ́jọ́ ọjà, kí gbogbo ìlú wo ètè rẹ̀.

Àṣẹ kẹrin. Bí ìtọ̀ yín bá pọ́n lẹ́yìn náà, àwọ̀ èso ni. Ẹ má pariwo.

Àṣẹ karùn-ún ló le jù. Igi kan wà tó jọ ọ́, tó ń sun oje funfun bíi wàrà. Ẹ má fi kan ẹnu. Ẹ má fi kan ojú. Májèlé ni. Májèlé ni.

Àṣẹ kẹfà. Ìkéde àná ti parẹ́ fún gbogbo ìlú, àyàfi fún Ọ̀pátọ́lá àti Jọláadé. Ohun tí wọ́n ti kó jẹ, wọn kò gbọdọ̀ bì í. Àwọn méjèèjì ni yóò sì jọ máa ká èso orí ọgbà náà.

Bí wọ́n ṣe rán Òjélàdé ló ṣe jẹ́ ẹ. Kí ẹni tó gbọ́ sọ fún ẹni tó wà lóko, kó sì pè é dáadáa.

Àwọn tó wà níbẹ̀ nìwọ̀nyí: Kábíyèsí, Nọ́ọ̀sì Fọlábòmí, Ọ̀pátọ́lá àti Jọláadé, lórí ẹní kan náà, Ládépò, tó ti na ọwọ́ sílẹ̀, àti Òjélàdé. Ọwọ́ Òjélàdé ni agogo wà.