Aṣọ Tó Rún Nílé Alágbàfọ̀

Irú ìwọ̀sí wo nìyí? Aṣọ tó rún, nínú ilé alágbàfọ̀!

Orí tábìlì ló wà, aṣọ funfun kan, ó rún wúruwùru bí ẹni pé ewúrẹ́ jẹ ẹ́ tán, tó tún bì í.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àwòrán rẹ̀ ni mo fẹ́ yà, kó tóbi tó aṣọ gan-an. Wọ́n ní ká mú un wá síbi ìdánwò lọ́jọ́ Ẹtì."

Ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó ń ya àwòrán ilé ni ọmọ ń sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá a padà. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Kò sí ẹ̀ẹ̀kẹrin, òfin wọn ni.

"Ilé lo fẹ́ máa yà. Kí ló kan ilé kan aṣọ tó rún?"

"Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ojú mi ń ríran ni."

"Ojú tèmi ń ríran! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń lé nǹkan yìí kúrò lára aṣọ aláṣọ, ìwọ wá ń kó o wọlé!"

Bí ọmọ ti jáde lọ ra pẹ́ńsù báyìí: ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀! Kó tó dé, Màmá ti lọ aṣọ, ó ti fi sítáàṣì sí i, ó ti ká a sí mẹ́rin. Ó gan bíi pátákó.

Ọmọ bú sẹ́kún gbàà.

Ojú ti Màmá. Ó ní kò burú, òun á rún un padà. Ọwọ́ kọ̀! Gbogbo ibi tó bá fún pọ̀, ńṣe ló tún ń ká a létí-létí.

Ẹ̀rín ń pa mí!

Ó wá búra pé òun kò ní fọwọ́ kan aṣọ yẹn mọ́ títí ọmọ á fi parí.

Ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ rún aṣọ padà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló sì fi yà á. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ju aṣọ sínú agbọ̀n, ó tẹ́ àwòrán sórí tábìlì, ó sáré wọ balùwẹ̀.

"Màmá, mo ti parí o!"

Ìbúra tán nìyẹn! Màmá kò tiẹ̀ dúró wá gíláàsì ojú rẹ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó fẹnu fọ́n omi sí i, fùú, fùú.

Ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀!

Rírún kò mì.

"Áà! Èmi náà nìyí, ìwọ náà nìyẹn!"

Ó yí iná sókè. Ó fi àyà tẹ̀ ẹ́. Ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀! Èéfín rú túú.

"MÀMÁ!"

"Aṣọ burúkú wo lo rà yìí? Mo lọ̀ ọ́ lọ̀ ọ́, kò gbọ́!"

Kò sáyè à ń sunkún. Ọmọ gbé àwòrán lọ bẹ́ẹ̀, àpá áyọ́ọ̀nù pọ́n rúsúrúsú láàárín rẹ̀.

Ọ̀gá olùkọ́ fajú ro. "Kí lèyí?"

"Màmá mi ló lọ̀ ọ́, sà. Wọ́n rò pé aṣọ ni."

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?"

"Alágbàfọ̀ ni wọ́n, sà. Ọgbọ̀n ọdún."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀: ó wọlé!

Ọ̀rọ̀ tàn ká ìgboro. Nígbà tí ìdánwò àtiwọlé ti ọdún tó tẹ̀ lé e ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wá wo ẹnu ọ̀nà alágbàfọ̀! Àwọn ọmọ tò lọ bí èèrà, kálukú gbé àwòrán aṣọ tirẹ̀ dání.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ tèmi."

Màmá wo ti ẹni àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò tiẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù.

"Bébà lèyí. Padà sílé, lọ rún un dáadáa."